Búrọ́ọ̀ṣì Wiebke

"Bàbá Tammen, ẹ wá wò ó. Ẹrẹ̀ yín ti ń padà di ọmọdé."

Nilgün ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, bí mo ṣe ń bọ̀ láti yàrá òtútù pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọmọ Tọ́kì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bremerhaven níbí, ní Jámánì, ni wọ́n bí i sí, òun ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń ka ọjọ́ orí ìkarahun. Òun nìkan ló ń pè mí ní Bàbá nílé iṣẹ́ wa. Ọ̀gbẹ́ni Tammen ni àwọn tó kù ń pè mí, bó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ tèmi ni títọ́jú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi wa a máa ki páìpù gígùn bọ ìsàlẹ̀ òkun, a ó sì fa ẹrẹ̀ jáde bí ẹni ń fa mùdùnmúdùn nínú eegun. Ọ̀pá la ń pe ẹrẹ̀ gígùn náà; a ó gé e sí ègé onímítà kọ̀ọ̀kan, a ó là á sí méjì, a ó tò ó sínú yàrá òtútù. Ẹrẹ̀ òkè ni tuntun, ti ìsàlẹ̀ ni àtijọ́. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Wiebke, ìyàwó mi, ló ń ṣa ìkarahun. Àwọn ẹ̀dá kan wà tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ, tí wọ́n gbé inú omi, tí wọ́n kú, tí ìkarahun wọn sì rọ̀ sísàlẹ̀ òkun bí òjò. Wiebke a máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírun díẹ̀ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù, a sì tò wọ́n sínú páálí dúdú pẹlẹbẹ tó ní gíláàsì lójú. Oṣù kejì ọdún yìí ló kú, nígbà tí yìnyín ṣì wà lórí koríko. Ọ̀pá kẹtàlá ni ẹrẹ̀ ìkẹyìn tó ṣà. Òun náà ni Nilgün ń kà lọ́jọ́ yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Nínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀nba ara ẹ̀dá tó kọ́ ọ wà, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pè ní amínò. Bí ẹ̀dá bá wà láàyè, ọlọ́wọ́ òsì ni gbogbo wọn, ìrísí wọn dà bí ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì. Bó bá ti kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí ọlọ́wọ́ ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ẹ̀rọ á ka òsì, á ka ọ̀tún. Bí ọ̀tún bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ikú náà ṣe pẹ́ tó.

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ègé ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ọ̀pá kẹtàlá ni. Orí ègé náà gbó bó ṣe yẹ kó gbó. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ṣe ni ọjọ́ orí ń dín kù.

"Ẹrẹ̀ kì í padà di ọmọdé," ni mo wí.

"Èmi náà mọ̀. Àfi tó bá ń lo ìpara tí ìyá mi máa ń rà."

N kò rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ la wà tí Dókítà Reuter, ọ̀gá iṣẹ́ náà, fi wọlé. Ọkùnrin gbọọrọ ni, ó wá láti gúúsù, níbi tí wọn kò ti rí òkun rí àfi nínú àwòrán. Ó tẹ̀ba, ó wo àwọn nọ́ńbà náà, ó sì pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Tammen," ló wí, "ṣé kò lè jẹ́ pé wọ́n dojú ègé yẹn kodò ni?"

"Ta ni wọ́n?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o."

"Èmi ni mo gé e, èmi ni mo dé e. Ọmọrí búlúù lókè, funfun nísàlẹ̀. Ta wá lẹ ń bá wí?"

"Ìgbì le lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ọkọ̀ ń yọ̀, ọwọ́ gbogbo yín ti kú fún òtútù. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

"Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ẹni tó dojú ègé kodò ti sọ ọmọ di bàbá, ó ti sọ bàbá di ọmọ, gbogbo ìwé tí wọ́n bá sì kọ lórí ẹrẹ̀ náà di irọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ahlers dojú ẹyọ kan kodò nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dọọdún, níbi àsè ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù, tí gbogbo wa bá ti rìn dé ilé oúnjẹ, tí wọ́n gbé ẹ̀fọ́ àti sọ́sééjì kalẹ̀, ẹnìkan á dojú ife Ahlers dé síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á dá a padà. Wọ́n ṣe é fún un títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo ti pinnu pé wọn kò ní ṣe é fún mi.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ ohun tí mo sọ.

"Wiebke ló lá búrọ́ọ̀ṣì."

Nilgün gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ojú Reuter pọ́n.

Búrọ́ọ̀ṣì ìṣa-ìkarahun gbọ́dọ̀ ṣe ṣónṣó bí abẹ́rẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ tutù, kí ìkarahun lè lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà obìnrin tó kọ́ Wiebke níṣẹ́ a máa fi í sáàárín ètè, wọ́n á rọra fà á yọ, bí ẹni fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́ láyé ìgbà yẹn, torí ohun mìíràn ni wọ́n ń wọ̀n nínú ìkarahun. Ṣùgbọ́n itọ́ ènìyàn kún fún èròjà amínò ti alààyè, ọlọ́wọ́ òsì láti òkè délẹ̀. Bó bá kan ìkarahun, òkú àtayébáyé á dà bí òkú àná. Nígbà tí Reuter dé pẹ̀lú ìmọ̀ tuntun yìí, ó ní kí gbogbo wọn jáwọ́ nínú lílá búrọ́ọ̀ṣì, omi mímọ́ ni kí wọ́n máa lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Wiebke ti jáwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ti bẹ̀ ẹ́ nítorí sìgá láti ọdún tí a fẹ́ra. Lórí bálíkónì wa ló ti ń mu ún, nínú òjò, nínú yìnyín, á sì máa sọ fún mi pé, "Hinrich, má yọ mí lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan tí kò bá a tan sì tó láti gba àṣà ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀.

"Wiebke ò lá a," ni Reuter wí. "Ó ṣèlérí fún mi."

"Fún yín."

"Fún iṣẹ́ náà ni mo ní lọ́kàn."

"Ẹnu yín lẹ fi sọ pé fún yín."

"Ọ̀gbẹ́ni Tammen, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi jókòó tì í. Mo mọ ọwọ́ ẹ̀."

Mo gbé ife tíì mi, mo padà sínú yàrá òtútù. Bí mo bá dúró, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Mo mọ ọwọ́ ẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́ níwájú ọmọbìnrin yẹn bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀.

Lóòótọ́ ló jókòó tì í. Máíkírósíkóòpù méjì ló wà nínú yàrá wọn, ìgbọ̀nwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrẹ̀ kọjá, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Bí mo bá wọlé, ẹ̀rín á dúró. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Mo mọ ìyàwó mi. Ohun tí wọ́n ń rí nínú gíláàsì yẹn ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, èmi kò sì lè rí i. Tó bá délé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ ni tèmi.

Níbi àsè Kérésìmesì kan, Reuter bu wáìnì fún un, ó gbé ife sókè, ó ní kí wọ́n yéé bára wọn sọ "ẹ". Láti ọjọ́ náà, "ìwọ" ni Wiebke ń pè é, orúkọ àbísọ rẹ̀, Ansgar, ló sì fi ń pè é. Kò fi irú ife bẹ́ẹ̀ lọ̀ mí. N kò sì ní gbà á ká ní ó fi lọ̀ mí.

Nígbà ìsìnkú, ó sunkún. Mo ti rí ọkùnrin tó ń sunkún rí, ṣùgbọ́n èyí ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé, kò nu ojú. Èmi dúró gbọn-in nínú kóòtù dúdú mi, bí bàbá mi ṣe dúró nígbà tí ìyá mi kú. Obìnrin àgbà kan láti ẹgbẹ́ akọrin Wiebke, tí kò mọ̀ wá dáadáa, wọlé, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ bọ Reuter lọ́wọ́ ṣáájú. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ ìyàwó yín," ló wí fún un. Reuter tọ́ka sí mi. Obìnrin náà bẹ̀ mí, ojú tì í, mo sì sọ fún un pé kò sí wàhálà.

Wàhálà wà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ègé náà, mo po tíì bí Wiebke ṣe máa ń pò ó: súgà olókùúta lákọ̀ọ́kọ́, tíì lórí rẹ̀, kíríìmù létí ife, a kì í rò ó. Mo jókòó síwájú àga rẹ̀. Láti ìgbà ìkórè ọdún tó kọjá títí ó fi kú, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ife. Súgà a máa ró nínú rẹ̀ kó tó débi ẹnu. Mo ń wò ó, ó sì mọ̀ pé mo ń wò ó.

"Má sọ fún wọn níbi iṣẹ́," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Fún ta ni?"

"Fún wọn, mo ní."

Ẹnìkan péré ni "wọn" yẹn, mo mọ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n pamọ́ fún Reuter bí ọ̀dọ́mọbìnrin ṣe ń fi aṣọ yíya pamọ́ fún àfẹ́sọ́nà. Èmi, ó fi í hàn mí ní orí tábìlì, láàárọ̀ láàárọ̀. Títí dòní n kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ló bu ọlá fún.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọwọ́ gbígbọ̀n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe. Irun á là, ṣónṣó á tú, omi mímọ́ kò ní lè kó o jọ. Ètè nìkan ló lè kó o jọ. Láti òkè sísàlẹ̀ ló ń ṣa ègé, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbé e, ó parí rẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kó wọ ilé ìwòsàn. Bí ó bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń lá a sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹrẹ̀ fi ń di ọmọdé. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó yẹ àdéhùn ọkùnrin yẹn, kódà bó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ló fà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá àwọn méjèèjì nínú yàrá ẹ̀rọ. Nilgün ti to páálí mẹ́rin tí Wiebke fi ìkarahun ìyókù sí.

"Ó rọrùn," ló wí. "Omi lásán la fi ṣan àwọn tá a kọ́kọ́ kà, torí Dókítà ní ìkarahun wọn fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ nínú ìyókù. Ìlàjì, màá fi omi kẹ́míkà tó le fọ̀ ọ́ dénú. Ìlàjì kejì, mi ò ní fọ̀ ọ́ rárá. Tó bá jẹ́ itọ́ ni, àwọn tá a fọ̀ á gbó bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ pé ègé ló dojú kodò, ìfọ̀ kankan ò ní yí i padà."

"Kò sídìí fún un," ni Reuter wí.

"Báwo ni kò ṣe sídìí, Dókítà?"

"Ìkarahun tó kù ò pọ̀. Ásíìdì tá a fi ń yọ́ wọn kí ẹ̀rọ tó kà wọ́n á jẹ èyí tá a bá lò tán. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé ègé náà dojú kodò, ká yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣẹlẹ̀ sí."

"Orúkọ ta lẹ fẹ́ kọ sí i?" ni mo bi í.

"Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹnìkan ṣoṣo ló ń gé ẹrẹ̀ nílé yìí."

"Ọ̀gbẹ́ni Tammen, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí Wiebke."

"Ẹ má fi Wiebke bẹ̀ mí. Tí ìgbàgbọ́ yín nínú rẹ̀ bá dá yín lójú tó bẹ́ẹ̀, kí lẹ ń bẹ̀rù? Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́."

Ó ń fi ìka tẹ etí páálí kan, kò sì wò mí. Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á pé kí òrìṣà tó ń bọ má lọ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i.

"Ẹ̀yin àgbàlagbà méjì," ni Nilgün wí, "tẹ́ ẹ bá fẹ́ jà, ẹ lọ sórí òkìtì etí òkun, kí afẹ́fẹ́ là yín. Èmi ní iṣẹ́ ṣe. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ àbí kí n má fọ̀ ọ́?"

"Fọ̀ ọ́," ni Reuter wí, ó sì jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Mo tún yàrá òtútù tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà létòlétò. Mo wo ọmọrí gbogbo ègé ọ̀pá kẹtàlá. Búlúù lókè, funfun nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀nà àbáwọlé, mo pàdé Reuter lẹ́ẹ̀mejì. A kíra wa, "Moin," bí gbogbo ará ìlú, a sì kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Nilgün pè wá. Kò ṣàwàdà kankan.

"Àwọn tá a fọ̀ gbó. Gbogbo wọn. Wọ́n gbó ju ti òkè lọ, bó ṣe yẹ. Àwọn tá ò fọ̀ ṣì kéré bíi tàtẹ̀yìnwá. Èròjà tó máa ń pọ̀ nínú itọ́ àti lára ọwọ́ èèyàn náà sì wà nínú wọn, ó pọ̀ gan-an." Ó yíjú sí mi. "Itọ́ ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

N kò bínú. Ohun tó dé bá mi nígbà yẹn jọ ayọ̀. Mo wà ní òtítọ́, ègé mi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, Reuter sì wà níwájú mi. Mo yíjú sí i.

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n," ni mo wí. "Láti ìgbà ìkórè. Kò lè gbé ife tíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọwọ́ rẹ̀, ṣé ẹ mọ ìyẹn?"

"Mo mọ̀," ni Reuter wí.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Mo rí i. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó gbìyànjú pẹ̀lú omi, kò ṣeé ṣe. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo rọra padà sẹ́yìn. Mo wúkọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó wọlé, kó lè ráàyè mú un kúrò. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń wúkọ́ kí n tó wọlé."

Nilgün ń wo ilẹ̀.

"Ẹ mọ̀," ni mo wí. "Ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì fẹ́ kó wá sórí mi."

"Ẹ̀yin wà láàyè, Ọ̀gbẹ́ni Tammen. Wọn ì bá fi yín ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dún kan, ọdún méjì. Tòun ni pé ohun ìkẹyìn tí wọ́n máa rántí ni pé ó ba iṣẹ́ jẹ́. Mi ò lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Bí ó bá gbá mi létí, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyẹn wá, mo ti ń jowú ọkùnrin yìí nítorí ẹ̀rín, nítorí ife wáìnì, nítorí àṣà kan tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, ṣùgbọ́n èmi ni ọkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, èmi ni yóò dúró tì í. Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Reuter parọ́ láti bò ó láṣìírí, èmi sọ òtítọ́ láti gba ara mi sílẹ̀. Ó tún gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Páálí mẹ́rin náà wà lórí tábìlì. Ìkarahun tó kù nínú wọn kò kún ojú abẹ́rẹ́. A kò tíì fọ̀ wọ́n. Ohun tó kúrò lẹ́nu Wiebke wà lára wọn, a kò sì ní rí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi láyé.

Ó ṣe bí ẹni pé ohun kan náà ni Reuter ń rò.

"Àwọn tó kù yìí," ló wí, "a ò nílò wọn mọ́ fún kíkà. A lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìfọ̀. Mo lè tọ́jú wọn sí yàrá mi." Ó wá yíjú sí mi. "Tàbí ẹ̀yin, tẹ́ ẹ bá fẹ́. Tàbí ká pín in."

Yàrá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ.

"Ẹ fọ gbogbo rẹ̀," ni mo wí.

"Ọ̀gbẹ́ni Tammen, kò pọn dandan."

"Òfin ẹ̀yin fúnra yín ni. Ìkarahun tó bá ní àbààwọ́n, a kì í fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá," ni Nilgün wí jẹ́jẹ́, "ẹ lè mú ẹyọ kan lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín."

Mo rò ó. N kò ní purọ́, mo rò ó. Páálí kan lórí tábìlì nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú ẹyọ kan, mẹ́ta á kù, mo sì mọ ibi tí mẹ́ta náà á lọ. Bí mo bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Reuter á ṣì máa rántí pé òun ló fi wọ́n lọ̀ mí, pé òun ló yọ̀ǹda ìyàwó mi fún mi.

"Gbogbo rẹ̀."

Nilgün gbé ìgò omi kẹ́míkà wá, ó da àwọn ìkarahun sínú àwo gíláàsì kékeré mẹ́rin, ó sì na ọ̀pá ìkán-omi sí Reuter, torí òun ni ọ̀gá. Reuter kò gbà á. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ òtútù mi, mo wọ ti rọ́bà, mo sì gbà á. Mo kán an sí àwo àkọ́kọ́, mo kán an sí èkejì, títí mo fi dé ẹ̀kẹrin. Fóòmù funfun tín-ín-rín yọ láti ara àwọn ìkarahun náà, ó ń gòkè, ó ń bẹ́ lójú omi.

Ó máa ń pẹ́ kó tó parí. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣe níbẹ̀ mọ́. Reuter dúró sí apá kan tábìlì, mo dúró sí apá kejì, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò.

Nilgün pa ẹ̀rọ, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wò wá láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó dọjọ́ Ajé o," ló wí.

Àwa méjèèjì ṣì ń wo fóòmù náà.